Ọkọ̀ Ni A Kọ, Oko Ni Ẹ̀rọ Gbé Jáde

 Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, a ò sì ní fi bò.

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá wa, a gba ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Abẹ́òkúta. A fi Praat wọn bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó àwọn nọ́ńbà náà sínú sọ́fítíwíà àtijọ́ tí wọ́n ní ká fi ya gíráàfù, "oko" ló kọ sábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oko mẹ́rin, kò sí àgbẹ̀ kankan! Bíírò la fi tọ àmì sí i kí a tó lọ dì í.

Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859 mà nìyí! Àwọn tó ń fi lẹ́tà irin to ọ̀rọ̀ tẹ Yorùbá jáde, àwa tó ní kọ̀ǹpútà ń fi bíírò tọ ọ́.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Nínú Unicode, é ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ la ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn òkè lé e. Sọ́fítíwíà tí kò mọ Unicode kò lè gbé e.

R mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbà á wálẹ̀ pẹ̀lú ggplot2 lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ yan fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá, bíi Charis SIL.

Àwọn kan ní èyí tá a mọ̀ ló dára jù. Lóòótọ́, títẹ bọ́tìnnì rọrùn ju kíkọ àṣẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le fún wa. Ṣùgbọ́n àṣẹ tá a kọ wà nílẹ̀: bí alábòójútó bá ní ká tún un ṣe, ìlà kan la ó yí padà. Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà gan-an ń ṣí kúrò. Ní 2019, NCAR, ilé ìwádìí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ò ní fi ohun tuntun kún NCL tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe mọ́. Python ni wọ́n ń kó lọ.

Wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ti sọ́fítíwíà kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí òun nìkan lè ṣí, ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n jọ wọlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí iṣẹ́ yín àtijọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà tó lè ṣí i ṣì wà, kí ẹ tọ́jú àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sí CSV.

A ò ní kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ju ti àtijọ́ nù lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì ya gíráàfù kan náà, ká fi wọ́n wéra. Tí wọ́n bá bára mu, kí wọ́n máa gba ti R lọ́wọ́ wa, kí wọ́n sì kọ́ àwọn àbúrò wa. Ohùn Yorùbá la wá kọ́. Kò yẹ kí iṣẹ́ wa pàdánù rẹ̀ lórí bébà.