Ẹni Tó Jókòó Ti Ẹ̀rọ Ni Kó Láṣẹ Láti Dá Eré Dúró

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ níbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí gbogbo wa tẹ́tí.

Eré tuntun kan ti gbòde ní ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá láyé. Dípò iná aláriwo tí wọ́n máa ń yìn sójú ọ̀run lọ́jọ́ ọdún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dírónù, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú kékeré aláìláwakọ̀ tó gbé iná sára, ni wọ́n ń rán lọ sókè lóru láti ya àwòrán sójú sánmà. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ara wa pé: kí ló ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ibi tó yẹ kó dúró sí?

Sátẹ́láìtì ni. Sátẹ́láìtì GPS wà lókè réré, ó fi nǹkan bí 20,200 kìlómítà jìnnà sílẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà lọ. Bí ẹ̀rọ kékeré kan nítòsí, èyí tí wọ́n ń pè ní jámà, bá wá ń pariwo lórí ìgbì rédíò kan náà, etí dírónù ti di nìyẹn. Òmíràn tún wà tó ń fara wé sátẹ́láìtì, tó ń purọ́ fún dírónù pé ibòmíràn ló wà.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, níbi àjọ̀dún oúnjẹ àti wáìnì ní Hong Kong, dírónù 46 já bọ́ sínú omi èbúté Victoria. Àwọn tó ṣètò eré náà sọ pé ṣe ni wọ́n dí GPS wọn. Àdánù rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan dọ́là ti Hong Kong. Ọpẹ́ ni pé omi ló wà lábẹ́. Bó bá jẹ́ orí èrò ńkọ́?

Òótọ́ ni pé kì í ṣe jámà nìkan ló ń já dírónù bọ́. Ní Melbourne lọ́dún 2023, 427 nínú 500 ló ṣòfò, nítorí afẹ́fẹ́ òkè ti ju agbára wọn lọ. Ní Orlando, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, dírónù já lu ọmọ ọdún méje kan tó wá wòran, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Àṣìṣe nínú ètò eré náà ni àwọn aṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà rí níbẹ̀. Ohun tó wù kó fà á, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ parí sí: ohun tó yẹ kó wà lókè ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, orí ta ni wọn yóò di ẹ̀bi lé? Orí òṣìṣẹ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ni. Onígbọ̀wọ́ ti sanwó, àwọn ọlọ́lá ti jókòó, ọ̀gá sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Jẹ́ kó gbéra jàre." Bó bá gbéra tó jábọ́, òun ló fà á. Bó bá kọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò dára tó.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ìgbì rédíò ibi eré wò ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí dírónù tó gbéra.

2. Kí dírónù lè gbọ́ ohùn GPS ti Amẹ́ríkà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà pọ̀, lórí ìgbì tó ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tan ara rẹ̀. Jámà tó lágbára tó wà nítòsí lè bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

3. Nítorí náà, kí èrò jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lábẹ́ ibi tí dírónù ti ń fò.

4. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òṣìṣẹ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ láṣẹ láti dá eré dúró nígbàkigbà, láìsí pé wọ́n gé owó rẹ̀ tàbí lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá yóò ní a fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè: ní ọdún 2024, ṣebí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Finnair dá ìrìnàjò rẹ̀ sí Tartu ní Estonia dúró fún nǹkan bí oṣù kan nítorí wọ́n ń dí GPS níbẹ̀? Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá lè dúró, eré alẹ́ kan náà lè dúró.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́dọ̀ ẹ̀yin awakọ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn 31,875 dọ́là lé awakọ̀ kan lórí. Ó fi jámà sínú ọkọ̀ iṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ má baà mọ ibi tó wà, jámà náà sì ṣèdíwọ́ fún ẹ̀rọ tí ń tọ́ ọkọ̀ òfurufú sọ́nà ní pápákọ̀ Newark. A mọ̀ pé tírákà tí agbanisíṣẹ́ fi ń ṣọ́ni bí olè ń bíni nínú. Ṣùgbọ́n jámà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Tábìlì ìpàdé ni kí a gbé e lọ, kí wọ́n sọ fún wa ìgbà tí wọ́n lè ṣọ́ wa àti ìgbà tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣọ́ wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí jámà rẹ yóò kọ́kọ́ pa lára lè jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tìrẹ.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!