Ẹni Tó Ni Ọ̀rọ̀ Burúkú Ló Ń Kọ́kọ́ Rẹ́rìn-ín

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹnu ẹni tó ń ròyìn bí olè ṣe kó ilé rẹ̀, títí kan ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná, la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí wọ́n jà lólè ló pa á, kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀. Bí aládùúgbò bá ṣáájú rẹ́rìn-ín, ìjà dé nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí nínú òwe náà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ ọ́ di ìbòjú. Wọ́n á fi ìyà ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́ tán, wọ́n á ní ṣebí àwàdà ni.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan wà ní ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n mọ òwe yìí lò láìgbọ́ Yorùbá. Inside the NBA ni orúkọ ètò wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ernie Johnson ti wà nídìí rẹ̀ láti 1990, òun ni atọ́kùn. Kenny Smith dé ní 1998, Charles Barkley ní 2000, Shaquille O'Neal tí gbogbo ayé ń pè ní Shaq sì dé ní 2011. Yàtọ̀ sí Ernie, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí kò ju kí wọ́n tú eré palẹ̀ ní ìsinmi ìdajì àti lẹ́yìn tí eré bá parí: ta ló ṣe dáadáa, ta ló ṣe rádaràda. Ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ má tí ì gbọ́ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ohun tí Barkley jẹ lọ́sàn-án ni wọ́n á wà lórí rẹ̀, tàbí aṣọ tí Kenny wọ̀ wá.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Barkley. Gbogbo ohun tí agbábọ́ọ̀lù lè fi yangàn ló ní, àfi òrùka ife-ẹ̀yẹ. Ní 1993, ọdún tí wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú líìgì NBA, òun àti ẹgbẹ́ Phoenix dé àṣekágbá, Michael Jordan àti Chicago sì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1996 ó kó lọ sí Houston, ó lọ sá di Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó, tó ti gbé Houston dé orí ìtẹ́ ní 1994 àti 1995. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà àṣekágbá. Aago fẹ́rẹ̀ẹ́ dún tán ni John Stockton ti Utah bá ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó gba orí ọwọ́ Barkley tó nà sókè kọjá, ó wọlé, ó di ilé fún Houston. Ní 2000, ó fi eré sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ta ni wọ́n wá mú un jókòó tì? Kenny Smith, tó wà pẹ̀lú Ọlájuwọ́n nígbà tí wọ́n gba ife méjèèjì yẹn. Shaq, tó gba mẹ́ta tẹ̀léra pẹ̀lú ẹgbẹ́ Lakers láti 2000 dé 2002, tó tún gba ẹ̀kẹrin ní Miami ní 2006. Òrùka mẹ́fà lọ́wọ́ èèyàn méjì, ẹnìkẹta kò ní ẹyọ kan. Bí Barkley bá ti ń fi àríyànjiyàn borí Shaq báyìí, Shaq á kàn béèrè pé òrùka mélòó lo gbà ná, sítúdíò á sì wó. Lójú gbogbo ayé nìyẹn o, ọdún gorí ọdún. Ẹlòmíì á ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ti Barkley kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbọ́ ọ bó bá ní ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń ṣe ọ̀lẹ. Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbéraga ló ń bá a jà? Ọkùnrin tó ti sọ fáyé pé tẹ́tẹ́ jẹ òun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là kò ní àṣírí kan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ ọn.

Ó tún máa ń san gbèsè ẹnu rẹ̀. Ní 2002, nígbà tí Yao Ming ará Ṣáínà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Barkley ní ọmọ náà ò lè gba ayò mọ́kàndínlógún nínú eré kan láé, pé bó bá gbà á, òun á fi ẹnu ko ìdí Kenny. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, Yao gba ogún mọ́ Lakers lára. Kenny fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ inú sítúdíò, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ẹranko yìí àti ìdí èèyàn. Barkley wojú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó tẹ̀ ba, ó sì fi ẹnu kò ó nídìí. Ìran tí wọ́n ń wò dòní nìyẹn. Àwọn olóṣèlú wa mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹ?

Àwa náà ní irú àwàdà bẹ́ẹ̀ nílé: ní Kétu, àti káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. A máa bú olówó, a máa tú àṣírí ìjòyè síta, ará ìlú á sì máa fi ẹ̀rín ya ẹnu. Ṣùgbọ́n kó tó fẹnu kan ẹnikẹ́ni, ó ti júbà fún àwọn ìyá. Mo rí irú rẹ̀ láàárín àwọn mẹ́rin wọ̀nyí. Ní oṣù kọkànlá 1999, nígbà tí Barkley àti Shaq ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ja ìjà àjàkúmọ́lẹ̀ nínú eré Houston àti Lakers. Àwọn ìyá wọn, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn, ló gbé fóònù pè wọ́n pé kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ìyá Shaq tún ní láti dá sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Shaq ní abala kan nínú ètò náà tó fi ń ṣe àkójọ àṣìṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù: ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá. JaVale McGee ni wọ́n ń pa lẹ́kún níbẹ̀ jù. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, orúkọ McGee di orúkọ òmùgọ̀ lẹ́nu ará ìta. Ní 2017 ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ di èébú lórí Twitter, Golden State tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún sì gbè é lẹ́yìn. Shaq wá jáde, ó ní ìyá òun ti ní kí òun fi ọmọ náà sílẹ̀, ó ti tán. Ìyá náà gbọ́n. McGee ni wọ́n jà lólè nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò ló ń dá rín.

Irú ohun kan náà ni n kò fi rẹ́rìn-ín rí bí Barkley bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nípa àwọn obìnrin San Antonio, pé wọ́n sanra. Bó bá ń fi ikùn ara rẹ̀ ṣe àwàdà, mo máa ń kú sẹ́rìn-ín. Ti àwọn obìnrin yẹn, ta ló bi wọ́n?

Ọ̀rọ̀ burúkú tí kò bá sì mú ẹ̀rín dání rárá, ó lówó tí wọ́n ń san lé e. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni Barkley àti Jordan tẹ́lẹ̀. Ní 2012, Barkley sọ lórí rédíò pé Jordan ò ṣe dáadáa nídìí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ni nígbà náà ní Charlotte, nítorí àwọn tó yí i ká ò lè sọ òótọ́ fún un. Òótọ́ lásán ni, kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan lù ú. Jordan pè é, ó bínú, ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Barkley ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ò lè máa ṣàríwísí ọmọ ẹlòmíì kí òun wá yọ ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2020 ni òwe yìí dé góńgó. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni hẹlikópítà já pẹ̀lú Kobe Bryant àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ti sún eré Lakers síwájú, wọ́n wá gbé ìjókòó sínú gbọ̀ngàn eré náà ní Los Angeles, gbogbo àga ìwòran ṣófo. Ernie, tí òun náà ti bá àrùn jẹjẹrẹ fà á rí, rọra ń pe àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Shaq kò tí ì ṣíwọ́ ẹkún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó kú ní oṣù kẹwàá 2019. Òun àti Kobe jọ gba ife mẹ́ta, wọ́n sì bá ara wọn jà débi pé wọ́n pínyà ní 2004. Omi ń bọ́ lójú òmìrán náà bó ṣe ń ka ohun tó sọnù. Èyí tó ká mi lára jù ni bó ṣe ní Kobe, tó gba márùn-ún, ò ní lè fi òun tó gba mẹ́rin ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi oyè dá a lọ́lá. Yẹ̀yẹ́ òrùka yẹn kan náà! Ohun tó ń fi gún Barkley lójoojúmọ́ ló ń sunkún pé ẹni tó lè fi gún òun ti lọ.

Àwọn tó ń fara wé wọn pọ̀ báyìí, lókè òkun àti nílé. Ariwo ni ọ̀pọ̀ wọn mú. Wọ́n á bú agbábọ́ọ̀lù tó pàdánù pẹ́nárítì bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lówó, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ kí wọ́n ròyìn ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn tẹ́.

Ní 2024, ẹ̀tọ́ láti fi eré líìgì náà hàn bọ́ lọ́wọ́ TNT tó ni ètò yìí. Barkley kò dúró de ẹnikẹ́ni: ó sọ ní gbangba pé àwọn ọ̀gá òun ti ba nǹkan jẹ́, ó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ó sì ní àánú àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ọmọ àti ìyàwó ló ń ṣe òun. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n fẹnu kò pé TNT á máa ṣe ètò náà lọ ní Atlanta, ESPN á sì máa gbé e sáfẹ́fẹ́ láti àsìkò 2025 sí 2026. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nídìí tábìlì wọn. Ohun tí mò ń ṣọ́ ni ọjọ́ tí onílé tuntun yìí bá kọsẹ̀, bóyá yóò lè jókòó kí Barkley fi òun náà rẹ́rìn-ín.