Pápá Ìṣeré Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwọn kan bá rí ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ní Kraké wa, ohun tí wọn kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: «Èló ni wọ́n ń tà á?» Èyí kò dára. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, tí àwọn àgbà ń jókòó lábẹ́ igi rẹ̀, tí a ń ṣe ìnáwó níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Iṣẹ́ gbogbo wa ni ó ń ṣe.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọn kò tẹ ìlú dó láìsí ojúde ọba, láìsí igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn. Ẹ wo Àjàṣẹ́. Ọgbà igi ńlá tí ó wà níbẹ̀, igbó òrìṣà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Faransé sọ ọ́ di ọgbà ní ọdún 1895, nígbà ayé Ọba Tòfá. Ìlú ti fẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n títí di òní ni ènìyàn ń rí òjìji níbẹ̀.

Àwọn kan sọ pé: «Ìlú ẹnubodè ni tiwa, ìsọ̀ ni kí a kọ́.» Mo bi wọ́n: ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè, tí kò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, kí ni ìsọ̀ rí tà? Òwò a máa lọ, a máa bọ̀. Ilẹ̀ tí a bá tà kì í bọ̀ mọ́.

Bí a bá sì gba pápá lọ́wọ́ ọmọ, etí títì tí ó ti Kutonu lọ sí Èkó ni yóò ti máa ṣeré, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá. Àárín òkun àti ọ̀sà ni a wà. Yanrìn ni ó ń mu omi òjò fún wa. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀, inú yàrá wa ni omi yóò wọ̀.

Ẹ má gbàgbé èyí: nígbà tí wọ́n bá wọn ilẹ̀ àdúgbò, tí wọ́n là á sí ojú ọ̀nà, olúkúlùkù onílẹ̀ ni ó ń yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọ̀nà, ilé ìwé àti pápá ti jáde. A ti fi ilẹ̀ wa san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún tà á, ohun olóhun ni ó tà. Òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 2013 sọ pé ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú kò ṣeé tà.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé méèrì ní Sèmè. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ àdúgbò yín hàn yín. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ mú ọmọ yín tí ó ń lọ sí ilé ìwé dání. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «place publique» tàbí «terrain de sport» sí. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé yín. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé àdúgbò, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin igi yí i ká.

Ẹni tí ó mọ ìwé kà, tí kò ka ìwé ilẹ̀ ìlú rẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ni wọn yóò ṣe tà á.