Iná Aṣọ àti Ẹ̀jẹ̀ Èékánná: Oògùn Tó Kù Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ iná aṣọ dáadáa, kòkòrò kékeré tó ń sá pamọ́ sí ojú rírán, tí a ń fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí iṣẹ́ bá gùn ju bí a ṣe rò lọ la máa ń pa á, láti sọ fún ẹni tó ti rẹ̀ pé kò tíì tó àkókò láti jókòó. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà yà sọ́tọ̀. Iná tí a kò rí wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dá sí èékánná ẹni tó ń pa á náà wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń san nǹkan lórí rẹ̀. Òwe náà kò sì pàṣẹ pé ká máa pa iná títí ayé: ó ní bí kò bá tán. Lójú tèmi, obìnrin tó fẹ́ pinnu bóyá òun yóò lo oògùn họ́mónù lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn gbọ́dọ̀ di òwe yìí mú lódindi. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bí iná tó ṣeé ṣe kó kù sí aṣọ tirẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ó tó ka iye ẹ̀jẹ̀ tí yóò kan èékánná rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí máa ń délẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé rò pé ó ti parí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, irun tí oògùn kímò gbọ̀n dànù ti ń hù padà, ìtànṣán ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ẹbí ti ń palẹ̀ ìdúpẹ́ mọ́. Dókítà wá kọ hóró oògùn kan sílẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́, fún ọdún 5, nígbà mìíràn fún ọdún 10. Tamoxifen ni wọ́n sábà ń fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró. Ẹni tí tirẹ̀ ti dúró lè gba anastrozole tàbí letrozole. Kò sí èyí tó ń fi họ́mónù kún ti ara nínú wọn. Tamoxifen ń dí ojú ibi tí họ́mónù estrogen ń so mọ́ lára kókó jẹjẹrẹ; àwọn méjì yòókù kì í jẹ́ kí ara àgbàlagbà obìnrin rí estrogen ṣe, èyí tó ṣì ń ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rá lẹ́yìn tí ilé ẹyin ti sinmi. Kókó tí kò ní ojú ìsomọ́ yìí kò ní ohun tí oògùn náà yóò dí, ẹni tó ni ín yóò kàn máa jìyà oògùn lásán ni.

Àyẹ̀wò ló ń sọ irú èyí tí kókó jẹ́, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń díjú ní ilẹ̀ wa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 lórí àwọn obìnrin ní Ìbàdàn rí i pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kókó wọn ló ní ojú ìsomọ́ estrogen. Ní 2009, òmíràn tó kó obìnrin Nàìjíríà àti Senegal pọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti Yunifásítì Chicago wà lára àwọn tó ṣe é, rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyàtọ̀ yìí ga ju ohun tí a lè gbójú fò lọ. Ọ̀kan lára ohun tó lè da irú àbájáde bẹ́ẹ̀ rú kéré púpọ̀: bí ègé ẹran tí wọ́n gé lára kókó bá pẹ́ lórí tábìlì kí wọ́n tó rì í sínú fọ́málìn, ojú ìsomọ́ náà lè bàjẹ́, kí àyẹ̀wò sì sọ pé kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé owó àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú owó oògùn nínú ìṣirò ẹbí, àti pé ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kókó rẹ̀ kò ní ojú ìsomọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú ègé ẹran náà, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò bí iyèméjì bá wà.

Ẹni tí kókó rẹ̀ ní ojú ìsomọ́ ló kan nísinsìnyí. Àtakò tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ ni pé ara òun ti yá, àwòrán kò fi nǹkan kan hàn, kí la tún ń pa? Àwòrán kò lè rí sẹ́ẹ̀lì mélòó kan tó ti sá wọ inú egungun. A mọ̀ pé wọ́n lè wà níbẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní 2017, wọ́n kó àkọsílẹ̀ obìnrin 62,923 jọ, tí gbogbo wọn lo oògùn họ́mónù fún ọdún 5, tí àrùn náà kò sì tíì padà nígbà tí ọdún 5 náà pé. Láàárín ọdún 15 tó tẹ̀ lé e, ó ń yọjú níbi tó jìnnà sí ọyàn. Lára àwọn tí kókó wọn kéré, tí kò sì dé ẹṣẹ́ abẹ́ abíyá, ó padà sí 13 nínú 100. Lára àwọn tí tiwọn tóbi jù bẹ́ẹ̀, tó sì ti wọ ẹṣẹ́ 4 sí 9, ó padà sí 41. Iná wà láṣọ méjèèjì, àmọ́ kò pọ̀ bákan náà.

Ohun tí oògùn ń ṣe sí i kò ṣókùnkùn. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ Oxford tẹ̀ jáde ní 2011 láti inú ìwádìí 20 fi hàn pé ọdún 5 lórí tamoxifen dín ikú jẹjẹrẹ ọyàn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àǹfààní náà sì ń bá a lọ títí di ọdún 15, nígbà tí wọ́n ti fi oògùn sílẹ̀ tipẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta yìí ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí àrùn náà ìbá pa 30 nínú 100 obìnrin tó dà bíi tirẹ, oògùn gba nǹkan bí 10 là, iyẹn sì pọ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ 3 ni ìbá pa, ẹnì kan ni yóò gbà là, 97 yóò sì lo oògùn láìjẹ́ pé wọ́n nílò rẹ̀. Nítorí náà, iye tirẹ gan-an ni kí o béèrè lọ́wọ́ dókítà, nínú 100, pẹ̀lú oògùn àti láìsí oògùn. Ẹ̀rọ ìṣirò kan wà tí wọ́n ṣe ní Cambridge, Predict lorúkọ rẹ̀, tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, torí náà kí obìnrin ilé wa gbà á bí atọ́nà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo èékánná. Tamoxifen lè mú kí ooru òjijì máa gba ara, kí ènìyàn máa làágùn lóru. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ó sì lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ, pàápàá lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, wọn kò sì ṣì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìwádìí ATLAS ti 2013 fi méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà. Nínú obìnrin 1,000 tó dá tamoxifen dúró ní ọdún 5, jẹjẹrẹ ọyàn pa nǹkan bí 150 láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Nínú 1,000 tó lò ó dé ọdún 10, ó pa 122. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ pa 4 lára àwọn tó lò ó pẹ́, 2 lára àwọn yòókù. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kí ó tètè sọ fún dókítà.

Anastrozole ń mú kí oríkèé dun ènìyàn, ó sì ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ìwádìí IBIS-II wo èyí fínnífínní: ó fún àwọn kan ní anastrozole, ó fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tóun ń lò. Egungun tàbí oríkèé dun 64 nínú 100 tó lo oògùn. Ó dun 58 nínú 100 tó lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìrora náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ọjọ́ orí ìbá mú wá bákan náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò di gbogbo ẹ̀bi ru hóró kan, yóò sì jù ú nù. Wọ́n tọpa obìnrin 8,769 ní California. Kò tó ìdajì wọn tó lo oògùn họ́mónù wọn déédéé títí ó fi pé. Fífi í sílẹ̀ láìwí ló burú jù lójú mi, nítorí a lè pa oògùn kan dà sí òmíràn, a lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ká wo bí ara ṣe rí, a sì lè tọ́jú egungun. Gbígbà láti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, tó kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa gbọ̀ngbọ̀n. Wọn kì í lo tamoxifen nínú oyún, ọdún 5 sì gùn fún ẹni tó ti pé 37. Ìwádìí POSITIVE tó jáde ní 2023 tẹ̀ lé àwọn tí kò ju ọdún 42 lọ, tí wọ́n lo oògùn fún oṣù 18 sí 30, tí wọ́n sì dá a dúró fúngbà díẹ̀ láti lóyún. Ní ọdún 3, àrùn padà sí nǹkan bí 9 nínú 100, bíi ti àwọn tí kò dá a dúró. Ọdún 3 kò pọ̀ fún àrùn tó lè padà ní ọdún 15, àmọ́ ó tó láti má ṣe sọ fún obìnrin pé kó yan ọmọ tàbí ẹ̀mí.

Àwọn kan yóò ní oògùn yìí ń fi hàn pé a kò gba ìwòsàn Ọlọ́run gbọ́. Ẹni tó gbàdúrà kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò rò pé ọ̀bẹ tako àdúrà. Kò sì sí ìdí tí hóró oògùn yóò fi takò ó. Èmi kò ní í fi àníyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìgbàgbọ́ ló gbé púpọ̀ nínú wọn la kímò já. Ohun tí mo tako ni kí ẹlòmíràn máa pinnu fún wọn, ìbáà jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn, ọkọ tàbí dókítà tó ń kánjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìyá ẹni ọdún 80 tí kókó rẹ̀ kéré, tí kò dé abíyá, tí egungun rẹ̀ sì ti ṣẹ́ rí, bá gbọ́ iye tirẹ̀ nínú 100, tó sì ní òun kò lo oògùn náà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣe pè é ní aláìgbọràn. Ó ti yẹ aṣọ rẹ̀ wò.