Ẹ Yẹ Kókó Náà Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ní Addo, lójú ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Badore, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a sì wá alágbo lọ. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, àgbo kò ní dá a dúró. Àmọ́ ẹni tó dé ilé ìwòsàn pàápàá lè fi owó gọbọi ra oògùn tí kò bá irú jẹjẹrẹ rẹ̀ mu. Èrò mi ni pé kí láàbù kọ́kọ́ yẹ kókó jẹjẹrẹ náà wò.

Ara sẹ́ẹ̀lì ní ibi tó ti ń gba àṣẹ pé kó dàgbà. EGFR jẹ́ ọ̀kan. Oògùn cetuximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004, a máa lẹ̀ mọ́ EGFR kí àṣẹ má baà wọlé. Ṣùgbọ́n bí RAS, tó ń gbé àṣẹ náà lọ nínú sẹ́ẹ̀lì, bá ti bàjẹ́, àṣẹ ti ń ti inú wá. Ìlẹ̀kùn tí a tì kò lè dí olè tó ti wà ní yàrá lọ́wọ́.

Ní 2021, Dókítà Olusegun Alatise, oníṣẹ́-abẹ ní Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nature Communications. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá àwọn ọmọ Nàìjíríà, 28.1% ló ní MSI, ìyẹn àmì pé sẹ́ẹ̀lì kò lè tún àṣìṣe DNA rẹ̀ ṣe mọ́. Ti New York jẹ́ 8.5%. Lára àwọn tí kò ní MSI, ọ̀nà RAS ti yí padà nínú 76.1%, ti New York jẹ́ 59.6%.

Nítorí náà, cetuximab kò ní ṣe púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wa láǹfààní. Oògùn pembrolizumab, tó ń lẹ̀ mọ́ PD-1, ìjánu tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, ló wà fún jẹjẹrẹ oní-MSI tó ti tàn káàkiri. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní 2020. Láìsí àyẹ̀wò, ta ni yóò mọ èyí tó tọ́ sí aláìsàn?

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò wọ́n. Oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́ ló wọ́n jù. Láàbù lè fi aró kun ẹran ara láti wá MSI, láìlo ẹ̀rọ ńlá tó ń ka DNA. Kí Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó, máa san owó àyẹ̀wò náà. Kí àwọn tó ń dán oògùn tuntun wò sì mú aláìsàn láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí ohun tó tọ́ sí ará New York lè má tọ́ sí wa.