Kí Ẹ Tó Gun Alùpùpù Tuntun Yín Jáde

Bí ènìyàn bá ra alùpùpù tuntun ní àdúgbò wa, tẹbí-tará ni yóò bá a yọ̀. Àwọn ọmọ á máa fọwọ́ pa táńkì rẹ̀, ìyá wọn á máa wá àkísà tí yóò fi nù ún. Ayọ̀ náà tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó àjọ tàbí owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fún wa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí wò. Ìwé wáráńtì ni à ń wí.

Arákùnrin kan tí a mọ̀ dáadáa ń fi alùpùpù gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ó ra tuntun, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwáyà ẹ̀bá ọ̀nà, pé kí ó bá òun so iná ńlá méjì mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wáyà gbóná, ó jó, alùpùpù sì kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí ó gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á, wọ́n ṣí ìwé náà, wọ́n sì fi ìlà kan hàn án: bí a bá ti gé wáyà rẹ̀, wáráńtì kò bo iná mọ́. Owó ọjà ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe. Ó sọ fún wa pé, “Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo mọ̀wé kà, n kò sì kà á.”

Kí ni wáráńtì? Ìlérí ni pé bí àbùkù tí ó ti iléeṣẹ́ wá bá yọjú láàárín àkókò kan, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun méjì ni wọ́n fi ń díwọ̀n àkókò náà: iye oṣù àti iye kìlómítà. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni ó parí rẹ̀. Bí a bá ní oṣù 12 tàbí 12,000 kìlómítà ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tí ó ń gbé èrò, tí ó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, yóò lò ó tán ní 120 ọjọ́. Ẹni tí ó ń rin 15 péré lójúmọ́ yóò jẹ ọdún náà tán. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé, “Ṣé ó bo ẹni tí ó ń fi gbé èrò?”

Àwọn òǹtajà mìíràn a máa fi ẹnu ṣèlérí tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn a ní kí ẹ fi owó kún un kí wáráńtì lè gùn sí i. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọn yóò ti máa tún un ṣe. Bí ẹ bá ń gbé Ìgbẹ́tì, tí ó sì jẹ́ Ìbàdàn ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ, ó lè sàn kí ẹ fi owó náà pamọ́ fún ọ́ìlì àti táyà. Àwọn ohun tí ń jẹ, bíi táyà, túùbù, gílóòbù àti bíréèkì, kì í sábà sí lábẹ́ wáráńtì.

Ẹ má fi sáfíìsì àkọ́kọ́ ṣeré. Láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ ìwé ní kí a ṣe é, nítorí pé irin tuntun ń ha ara wọn, ìyẹ́fun irin náà sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ gba òǹtẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ọjà bá lábùkù, tí òǹtajà sì kọ̀ jálẹ̀, òfin ààbò àwọn oníbàárà ti ọdún 2018 wà ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC ni a sì lè fi ẹjọ́ sùn.

Wàyí o, kí ni kí á fi kún un? Àṣíborí ni àkọ́kọ́: ọ̀kan fún ẹni tí ó ń gùn ún, ọ̀kan fún ẹni ẹ̀yìn. A kò gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú ẹni tí kò dé e, tí àwọn kan sì lọ kun igbá ní ọ̀dà, wọ́n dé e sórí. Ọlọ́pàá lè rò pé àṣíborí ni, ilẹ̀ kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ra èyí tí ó bá orí mu, kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Èyí tí ó bá ti forí sọlẹ̀ nínú jàǹbá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, jígí méjèèjì, irin tí ń gba ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá ṣubú, ìlẹ̀mọ́ tí ń tàn lóru, àti ṣéènì pẹ̀lú àgádágodo. Irin ẹrù tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè ni kí ẹ rà. Bí wẹ́dà bá jó o mọ́ ara alùpùpù, irin ibẹ̀ lè di aláìlágbára, wáráńtì sì lè bá a lọ. Ẹ yẹra fún agboòrùn ńlá nì, nítorí pé atẹ́gùn lè fi fa yín kúrò lójú ọ̀nà. Ní ti iná, gílóòbù 55 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa iná tí ó ju 4.5 áǹpì lọ. Méjì yóò fa ìlọ́po rẹ̀. Wáyà alùpùpù kékeré kò mura sílẹ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí iná bá pọn dandan, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó tà á so ó, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀.

Ní alẹ́ òní, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n ka ìwé náà pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Kí àlọ yín dára, kí àbọ̀ yín sunwọ̀n.