Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tí Ń Fi Iná Rìn Lórí Yanrìn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tí ń ta aṣọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ní, "Tíṣà, gbogbo ìgbà ni ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìgbà wo ni ẹ máa kọ ohun tí yóò dín owó ọkọ̀ wa kù?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti 29 oṣù May, 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin, ta ni nínú wa tí kò tíì fi owó ọbẹ̀ wọ ọkọ̀ rí? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ mọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí ilẹ̀ tó wà láàrin ọ̀sà àti òkun ní ìhà Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé yanrìn ni níwájú, yanrìn ni lẹ́yìn. Láti ilé rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ tó kìlómítà 6. Bí ó bá fẹsẹ̀ rìn ín, á ti rẹ̀ ẹ́ kí agogo tó lù. Bí ó bá ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́, ọlọ́kadà ni yóò máa gba owó oṣù. Kẹ̀kẹ́ lásán kò sì ṣeé gùn níbẹ̀, nítorí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa wọ inú yanrìn bí ọ̀bẹ ti ń wọ inú ẹ̀kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé London ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọkùnrin náà ra ẹ́ńjìnnì iná kan tí àwọn Bafang ti ìlú Suzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe. BBSHD ni orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 1,000 wáàtì. Ó dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń gùn ún kiri, àfi ìgbà tí ẹnì kan fi òfin hàn án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti ń sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni lójú òfin, ó sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, láísẹ́ǹsì àti ìnṣọ́ránsì. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ ẹjọ́. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà, ó fi kóòtù àtijọ́ wé e, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ bá mi sọ ti òfin yìí fún wọn.

Bátìrì nìkan ni kò bá a wá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé bá òun gbé e, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú kì í gba irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù èrò bí ó bá ti ju 160 wáàtì-wákàtí lọ, èyí tí a sì ń wá jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ bátìrì yìí, n óò padà sórí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí a nílò ni èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni ẹ fi wé e: níbi tí ẹsẹ̀ adìẹ ti ń rì nínú ẹrọ̀fọ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lọ tirẹ̀. Kì í ṣe nítorí yanrìn nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní Alaska, ní òkè lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje lórí yìnyín láti ọdún 1987, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jó ríìmù méjì pọ̀ kí ó lè fẹ̀. Ní 2005 ni ilé-iṣẹ́ Surly gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Pugsley sí ọjà, láti ìgbà náà ni irú rẹ̀ ti tàn kálẹ̀.

A wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Èkó. Rúlà ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ mi, nítorí ẹ́ńjìnnì yìí máa ń gba inú ihò tí irin pẹ́dààlì gbà kọjá nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́, bí ihò náà kò bá sì bá a mu, asán ni gbogbo rẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ lásán fẹ̀ tó mìlímítà 68 tàbí 73. Ti kẹ̀kẹ́ alátáyà ńlá máa ń jẹ́ 100, àwọn mìíràn 120. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n jẹ́ ti 100. Àwọn tí ń tà á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wo àwọn tíṣà, wọ́n fẹ́ fi rúlà na kẹ̀kẹ́!" Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó wù wá, 120 ni. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ rà á bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀dà rẹ̀ dára. Mo fà á kúrò níbẹ̀. Ìkẹta ni 100, ọ̀dà rẹ̀ ti bó, a sì rà á.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ oníná. Ọ̀kan wà láàrin wíìlì, níbi tí àwọn sípóòkù ti pàdé. Èkejì wà nídìí pẹ́dààlì, ó sì ń fa ṣéènì kan náà tí ẹsẹ̀ ń fà. Ti àkọ́kọ́ kò lè lo jíà kẹ̀kẹ́. Kò burú lójú títì, ṣùgbọ́n nínú yanrìn, tí wíìlì kò lè yára yí, púpọ̀ nínú iná tí bátìrì ń rán sí i yóò di ooru lásán. Èkejì lè bọ́ sí jíà tó rọ̀, bí aláàárù ti ń gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ó bá dé orí òkè. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wa, wíìlì eléyín tó kéré jù ní eyín 11, èyí tó tóbi jù ní 34. Ẹ fi 11 pín 34, ó lé díẹ̀ ní 3. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kan náà, láìfi iná kan kún un, yóò ti wíìlì ẹ̀yìn ní ìlọ́po mẹ́ta bí ṣéènì bá wà lórí èyí tó tóbi. Eré nìkan ni yóò dín kù, ta ló sì ń sáré nínú yanrìn?

Ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì, ara rẹ̀ ló ń gbà. Bí ẹ bá pa jíà dà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń fà, ṣéènì lè já. Ti ọ̀rẹ́ mi já lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ kìíní kí ó tó kọ́ láti dẹwọ́ díẹ̀, kí ó pa jíà dà, kí ó tó tún tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun kò tún jẹ́ kí irin gbádùn: omi kànga ni ó fi ń ṣan ṣéènì lálẹ́, kí ó tó fi òróró sí i.

Bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló bá wa de ẹ́ńjìnnì náà. Kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó tú irin pẹ́dààlì àtijọ́, ó ti ẹ́ńjìnnì wọ inú ihò, ó fi nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè é. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ohun tó wúwo tó báyìí," nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 6, "yóò máa mì. Ẹ gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tún un fún." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni a ti pàdé ẹni tí kì í gbàmọ̀ràn. Táyà yìí kò gbọdọ̀ le bí a bá ń lọ sórí yanrìn, nǹkan bí 6 tàbí 8 lórí gééjì ti tó o. Ọ̀gá wa ní kò sí táyà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé, ó fún un ní 25. Ọ̀rẹ́ mi gùn ún dé etí òkun, ó rì. Nígbà tó tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tán ni kẹ̀kẹ́ tó dìde.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bátìrì. Ìwọ̀n 48 fólítì ni ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́. Inú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kún fún àwọn òkúta kéékèèké bíi ti tọ́ọ̀ṣì, tí ìkọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 18, tí ó sì gùn tó 65. A óò so 13 tẹ̀ léra kí fólítì lè pé, a óò sì to irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó lè pẹ́. 13 lọ́nà 4 jẹ́ 52. Bí gbogbo wọn bá dára, wọn yóò fúnni ní nǹkan bí 670 wáàtì-wákàtí. Bí yanrìn bá tilẹ̀ ń jẹ 30 nínú rẹ̀ ní kìlómítà kan, ó ju kìlómítà 20 lọ. Àlọ àti àbọ̀ ọ̀rẹ́ mi jẹ́ 12.

Kíkéré l'abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí òkúta kan bá bàjẹ́ nínú 52 yìí, ó lè gbóná débi pé yóò ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn yóò ran òmíràn, kí ẹni tó wà nínú yàrá sì tó rí bàtà rẹ̀, iná ti gba ẹnu ọ̀nà. Ní ìlú New York, ní 2023 nìkan, iná irú bátìrì báyìí sọ ní ìgbà 268, ó sì pa ènìyàn 18. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ta kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ní ìwé-ẹ̀rí àyẹ̀wò.

Láì sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, ó ra bátìrì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun ń tà á ní ọ̀pọ̀. Wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ ojú ọ̀run wé e, ó ń dán. Mo ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Ó ní, "Bátìrì ni. Ṣé kí n tún un bí ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí a fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe bátìrì sólà. Ó fi abẹ la ọ̀rá náà. Òkúta pupa, òkúta aláwọ̀ ewé, òkúta eléèérú, àwọn mìíràn ní ojú àpá ibi tí wọ́n ti tú wọn kúrò lára nǹkan mìíràn. Ó fi mítà sí wọn: ọ̀wọ́ kan ń sọ 4.1, èkejì ń sọ 3.4. Pátákó kékeré tó yẹ kí ó máa ṣọ́ bátìrì, ti 15 ámípíà ni, ẹ́ńjìnnì wa sì lè fa 30. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Níbo ni ẹ ti fẹ́ máa ṣáàjì rẹ̀, sà?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Nínú pálọ̀."

Pálọ̀ náà ni àwọn ìbejì rẹ̀ ń sùn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó tà á ní ọjà tó bá ti kúrò ní sọ́ọ̀bù òun kì í padà. Owó náà wọgbó. Ọ̀rẹ́ mi kò gbé fóònù mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí èmi ni mo ti ń yin kẹ̀kẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ti ọ̀dà àti ihò nìkan ni mo sì ń sọ nígbà tó yẹ kí n ti sọ ti bátìrì.

Ìyá Ìbejì ló yanjú rẹ̀. Ẹja yíyan ni ó ń tà. Ó gba àjọ rẹ̀, ó sì bá wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀nà ni ó kọjú sí mi, ó ní, "Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mú rúlà lọ wọn kẹ̀kẹ́, kí ni kò jẹ́ kí ẹ mú nǹkan lọ wọn bátìrì?" N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè tó bi ọmọ náà ju ti àwa méjèèjì lọ. Ó ní kí òkúta 52 jẹ́ tuntun, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà. Ó ní kí wọ́n fi pátákó tó gba 40 ámípíà sí i, kí fíùsì wà níbẹ̀, kí ṣájà rẹ̀ sì jẹ́ ti 54.6 fólítì gan-an, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n parí gbogbo rẹ̀ tán ni ó san owó, ó sì fi tirẹ̀ kún un: bátìrì kò gbọdọ̀ sun inú ilé òun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí dòní. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti ń ṣáàjì, ní ọ̀sán gangan, lára sólà tí ẹgbẹ́ àwọn òbí rà síbẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àgbà ti ń wò ó, nínú ibòji. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ilé búlọ́ọ̀kù kékeré kan wà nídìí kànga, wọ́n fi páànù bò ó, ibẹ̀ ni bátìrì ń sùn.

Mo lọ kí wọn ní Sátidé tó kọjá. Mo rò pé n óò gun kẹ̀kẹ́ náà dé etí òkun, mo tilẹ̀ wọ ṣòkòtò tó yẹ fún un. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí àga lábẹ́ igi àgbọn, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo ní kẹ̀kẹ́ dà? Ó ní kí n má wulẹ̀ dúró dè é, pé Sátidé kì í ṣe ọjọ́ tòun: agbọ̀n ẹja méjì ni Ìyá Ìbejì dì sẹ́yìn rẹ̀ láti òwúrọ̀, kò sì tíì dé.